Ìṣẹ́tí Wáyà

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta, adìẹ mẹ́rìnlá ló kú.

Ìyá Aránṣọ ló kà wọ́n. Ó gbé wọn jáde nínú ọgbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn ilé, gbogbo orí sí apá kan, gbogbo ẹsẹ̀ sí apá kejì, bí ẹni tó ń to aṣọ oníbàárà. Mẹ́tàlá ló tò. Ìkẹrìnlá, ìyẹ́ rẹ̀ nìkan ló rí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò lè gbé ju ẹyọ kan lọ. Àwọn yòókù, ó kàn gé wọn lọ́rùn jẹ ni, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló lọ wo ihò tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbà wọlé. Ihò náà bẹ̀rẹ̀ níta, ní ìdí ọgbà gan-an, ó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, ó sì yọ láàrin ọgbà. Wáyà tó fọwọ́ ara rẹ̀ rì mọ́ ìdí ọgbà kò já. Ojú rírán kan ṣoṣo kò tú. Ìyẹn gan-an ni kò yé e.

Ọdún méjìdínlógójì ni obìnrin yìí fi ránṣọ nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán jù, àti ti àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ó da aṣọ bo ẹ̀rọ, ó ra òròmọdìẹ, ó sì ní kí káfíńtà tí wọ́n jọ pín ògiri bá òun kan ọgbà sẹ́yìnkùlé. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àgbẹ̀. Ó máa ń ti abúlé dé abúlé kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń sin adìẹ, débi pé Tíṣà Adìẹ ni wọ́n ń pè é. Ọdún kejì rèé tó ti ń ní kí ìyá òun kó wá sọ́dọ̀ òun. Ìyá kọ̀. Ó ní ẹni tó bá ní adìẹ ní ohun tó ń jí fún. Ẹni tí kò ní, wọ́n á kàn máa jí i láti fún un lóògùn.

Nínú oṣù kejì, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ wọlé, ó gbé adìẹ mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Tíṣà Adìẹ wá, ó wo ilẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Ó ní kí àwọn jọ fẹnu kò: bí ẹyọ kan bá tún lọ, kí Màmá kó dé ọ̀dọ̀ òun, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán. Inú bí ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ìbínú kì í jẹ́ kéèyàn ṣírò.

“Tí ẹyọ kan bá tún lọ,” ó ní, “ìwọ ni kí o wá bá mi di ẹrù.”

Báyìí ló fi ilé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí adìẹ.

Káfíńtà ló sọ fún un pé kó ri wáyà aláwọ̀n mọ́lẹ̀ yí ọgbà ká, kó sì tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó dùbúlẹ̀, kí ẹranko tó bá ń gbẹ́lẹ̀ lè fi èékánná bá irin. Ohun tí káfíńtà náà gbọ́ lẹ́nu èèyàn nìyẹn, kò gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bá a gbẹ́ apá kan, ẹ̀yìn dùn ún, ó jókòó sórí àpótí, ó wá ń yọ ọ́ lẹ́nu.

“Màmá, ṣé ọgbà adìẹ lẹ̀ ń gbẹ́ ni àbí sàréè?”

“Tìẹ ni mò ń wọ̀n. Dìde dúró, kí n mọ̀ bóyá ó gbà ẹ́.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ìyá Aránṣọ fi gbẹ́ apá mẹ́ta tó kù. Ó fi okùn wáyà tín-ínrín rán àwọn wáyà aláwọ̀n pọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lé ẹ̀gbẹ́, ó ń fi ìka wá ojú ibi tí yóò ti gún un nítorí ojú rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó kan ìsàlẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sínú, síhà ibi tí àwọn adìẹ wà. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Aránṣọ wo ló ń ṣẹ́ etí aṣọ síta? Ọdún méjìdínlógójì ni ọwọ́ yẹn ti ń ṣẹ́ ẹ sínú kójú má rí i.

Ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ padà, ọmọ rẹ̀ dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí kòtò, ó wo wáyà náà yí ká, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi í pé báwo ló ṣe rí i.

“Iṣẹ́ yín mọ́, Màmá.”

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì da iyẹ̀pẹ̀ bò ó fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá lọ bá káfíńtà nídìí ògiri, ó ń fi ọmọ yangàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kọkàndínlógún. Kí ó tó di ọ̀sán, Tíṣà Adìẹ ti gbé ọkọ̀ dé pẹ̀lú páálí òfìfo mẹ́wàá. Ó di ẹrù bí ìyá ṣe ní kó dì í. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò bá wọn lọ. Ọmọ ní yàrá tí òun fẹ́ fún un kò ní gbà á.

Òótọ́ ni pé kò lè gbà á. Yàrá tí wọ́n fún un ni Tíṣà ń kó ẹrù ọ́fíìsì sí. Ní ọjọ́ kẹjọ tí ìyá débẹ̀, ó ń wá àyè fún àpótí rẹ̀, ó wọ́ ìdì ìwé kan sẹ́yìn, okùn rẹ̀ já, ìwé tú sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń pín fún àwọn olùsìn adìẹ ni. Àwòrán ọmọ rẹ̀ wà níwájú, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń fi ìka hàn. Ó gbé e súnmọ́ fèrèsé, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀: Ẹ má ṣe tẹ́ wáyà sínú. Ẹ tẹ́ ẹ síta, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Ìdí ọgbà ni ẹranko ti ń gbẹ́lẹ̀. Tó bá bá irin níbẹ̀, kì í mọ̀ pé kí òun sún sẹ́yìn lọ gbẹ́ ibòmíràn. Ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà wà nísàlẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì.

Ó mú un lọ síbi tí ọmọ ti ń jẹun, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

“Ìwọ lo kọ èyí?”

“Èmi ni, Màmá.”

“O rí i pé inú ni mo ṣẹ́ ẹ sí.”

Ó nu ẹnu rẹ̀. “Ẹ bi mí bí mo ṣe rí iṣẹ́ yín. Mo ní ó mọ́. Ṣé irọ́ ni mo pa?”

Aya ọmọ náà, tí wọ́n jọ ń jẹun, dìde, ó gbé ife omi tó ṣì kún lọ sí ilé ìdáná.

Ọmọ wá sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní nítorí rẹ̀ ni, pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, pé bó bá ṣubú nínú ilé yẹn, ta ni yóò gbọ́? Ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ó láǹfààní láti sọ òótọ́ náà létí kòtò, ṣọ́bìrì ló sì yàn.

“Gbé mi padà,” ìyá wí.

“Àwọn ayálégbé ti kó sínú ilé yín láti ọjọ́ Ajé, Màmá.”

Ìyá ṣì wà ní yàrá náà. Wọ́n ń jí i láti fún un lóògùn. Àwọn àlejò ń kí Tíṣà kú ìtọ́jú ìyá, wọ́n ń gbàdúrà pé kí ọmọ tiwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ìwọ tó ń kà á, bóyá ìyá kan ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun kan lójú rẹ báyìí, o sì mọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Dìde. Lọ sọ fún un lónìí, kí iyẹ̀pẹ̀ tó bò ó. Má sì ṣe wí pé kò bi ọ́.