Òrùlé fún àwọn tó pẹ́

Ọmọ iléèwé kan gbé iṣẹ́ fún mi lónìí, ara mi ò sì balẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ni mò ń ṣe. Mo lọ sí sẹ́kọ́ńdírì kan ní Ìkẹ́rẹ́, mo ní kí àwọn ọmọ ya ohun tí wọ́n fẹ́, pé a máa kọ́ èyí tó bá wúlò jù.

Ọmọbìnrin kan ya òrùlé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

"Kí lèyí?"

"Ibi tí àwa tó bá pẹ́ ti ń kúnlẹ̀ ni, mà. Òòrùn ibẹ̀ pọ̀."

"O ò ṣe máa tètè jí?"

"Mo ń tètè jí, mà. Ulé wa ló jìn."

Kò sí èyí tó wúlò tó ìyẹn. Tí mo bá kọ́ ọ, mo ti fọwọ́ sí ìkúnlẹ̀ nìyẹn. Tí n ò bá kọ́ ọ, inú òòrùn ló ṣì máa máa kúnlẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kúnlẹ̀ ní géètì rí, kí ni kí n ṣe?