Ẹgbẹ́ Tó Létò

Òórùn mọ́ínmọ́ín nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú tí mo bá rántí ọdún tí wọ́n ka ìjọ wa mọ́ àwọn ọ̀daràn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà ni. Ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn ni mo kà, mo sì gbà pé àwọn ọ̀daràn Barking, àdúgbò wa nílùú òyìnbó, ti gbọ́ pé mo gboyè. Iṣẹ́ kò tíì yọjú. Ilé ìyá mi ní Mayesbrook ni mò ń gbé, ẹ̀wà rẹ̀ ni mò ń jẹ.

Ṣọ́ọ̀ṣì aṣọ funfun wa wà lẹ́yìn àwọn ilé ìtajà kan ní àdúgbò Abbey. Ọ̀nà tóóró kan ló gba ibẹ̀ wá láti ibùdókọ̀ ojú irin, àwọn ọmọkùnrin tó ń bo ojú sì ti sọ ọ̀nà náà di oko àkúrò. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ oníná dé, wọ́n á já fóònù àti báàgì gbà, wọ́n á lọ kó o fún ọ̀gá wọn tó jókòó sínú mọ́tò. Ìyá Ẹgbẹ́, olórí àwọn obìnrin ìjọ wa, ni wọ́n wọ́ nílẹ̀ kẹ́yìn, torí pé kò fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Bíbélì ló wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kán. Bàbá Alàgbà wá kéde pé bí nǹkan bá ń bá a lọ báyìí, a ó pa ìsìn ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tì. Ìsìn yẹn nìkan sì ni iṣẹ́ fi sílẹ̀ fún púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa.

A pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní àwọn ò tó, owó ò sí. Wọ́n fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ pé ká máa di fóònù wa mú dáadáa. Nígbà tó yá, sájẹ́ǹtì obìnrin kan wá. Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé owó kan ṣì kù, ṣùgbọ́n gáǹgì tó létò, ìyẹn àwọn ọ̀daràn tó kóra jọ, nìkan ló wà fún. Jíjá báàgì gbà lásán kò sí lára rẹ̀. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀, nítorí Ìyá Ẹgbẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tòun jẹ́ ti ibi iṣẹ́, kì í ṣe ti ọlọ́pàá.

Nígbà tó wọlé jókòó, Sájẹ́ǹtì béèrè bóyá gáǹgì tó létò wà ládùúgbò. Lójú tèmi, “gáǹgì” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọ̀mọ̀wé ń sọ níwájú àgbà. Mo ní, “Mọ́mì, wọ́n ní ṣé ẹgbẹ́ tó létò wà níbí?”

Ìyá Ẹgbẹ́ na ọrùn. “Wọ́n tún ń bi wá ni? Sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ wa létò ju ìjọba wọn lọ! A ní olórí, a ní akápò, a ní aṣọ kan náà.”

“Kí lẹ máa ń ṣe?” Sájẹ́ǹtì ní kí n bi í.

“À ń bá ọ̀tá jà.”

“Ṣé ẹ ní ohun ìjà?”

“Ó pọ̀ lọ jàra! Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwa kì í dá rìn.”

Mo tú gbogbo rẹ̀, títí kan ejò. Ìgbà tí Sájẹ́ǹtì gbé tíì tí a fún un sílẹ̀ jẹ́jẹ́ ni mo tó mọ ohun tí mo ti sọ, ṣùgbọ́n ó ti dìde.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ọlọ́pàá kan wà lẹ́nu ọ̀nà tóóró náà. Wọ́n ń ya àmùrè wa ní fọ́tò, búlúù lọ́tọ̀, yẹ́lò lọ́tọ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ga ju ẹnì kejì lọ. Àwọn tó ń já fóònù gbà kò tún yọjú mọ́. Àánú àwọn ọlọ́pàá ṣe Ìyá Ẹgbẹ́ nínú òtútù, ó ní kí n gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a fẹ́ fi rìbá fọ́ àwọn lójú.

Kò pẹ́ tí Sájẹ́ǹtì fi padà wá. Ó ní bí gáǹgì náà bá ti túká, àwọn yóò gbé ọkọ̀ náà lọ síbòmíràn. Mo ti kó àlàyé mi jọ. Mo wo Ìyá Ẹgbẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ nínú báńdéèjì; mo wo ojú fèrèsé, mo rí àwọn ìyá tó ń bọ̀ pẹ̀lú fóònù létí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé àlàyé mì.

“Mọ́mì, wọ́n ní ṣé ẹgbẹ́ yín ti túká?”

“Túká kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun la tún ń gbà. A fẹ́ dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Castle Green!”

Mo tú u bó ṣe wà, n kò fi iyọ̀ sí i. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì lọ tán, mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Ẹgbẹ́ ní kíṣìnnì. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí. Ṣé ìyẹn ni pé wọ́n á tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?”

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo gbọ́ pé wọ́n gbé Sájẹ́ǹtì ga nítorí bó ṣe kápá wa. Àwọn ọmọkùnrin ọjọ́sí kò di ẹni ìgbàlà. Òpópónà kejì, níbi tí kò sí ẹgbẹ́ tó létò, ni wọ́n kó lọ, mo sì máa ń rò ó nígbà mìíràn tí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́rú, Ìyá Ẹgbẹ́ ṣì máa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà fún àwọn ọlọ́pàá: kí Olúwa fún wọn ní ìlera, kí ó fún wọn lọ́gbọ́n, kí ó má sì jẹ́ kí ìwádìí wọn parí. Àmín tèmi ló máa ń ròkè jù.