Àyè Tí Bàbá Kò-sí-Máòsì Wá Fún Ọmọ Wọn

Agídí kọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé kò sí máòsì kọ̀ǹpútà lórí tábìlì wọn tẹ́lẹ̀, ìyẹn làwọn aládùúgbò ṣe sọ wọ́n ní Bàbá Kò-sí-Máòsì. Yàrá tó kángun sí tiwa ni wọ́n ń gbé, àwọn nìkan. Ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n wá ń bá èèyàn tẹ ìwé nílé. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, káká káká káká, mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri bíi pé òjò ń rọ̀ sórí páànù. Òun lọmọ mi fi ń sùn! Ẹ ò tíì rí i láti ìgbà teyín méjì ti yọ lókè, tó bá rẹ́rìn-ín báyìí... ẹ jẹ́ n padà sọ́rọ̀ Bàbá.

Kọ̀ǹpútà wọn ti gbó, ọpọlọ ẹ̀ ò gba nǹkan púpọ̀. Wọ́n wá fi ètò kan sí i tí ò ní àwòrán, tí ò ní bọ́tìnnì, dúdú kirikiri. Gbogbo fèrèsé tẹ́ ẹ bá ṣí níbẹ̀ máa ń pín ojú kọ̀ǹpútà láàárín ara wọn bíi táìlì ilẹ̀, ọ̀kan ò ní gun ọ̀kan. Bọ́ ẹ ṣe ń fi ìka tẹ kọ́kọ́rọ́ lẹ ṣe ń darí ẹ̀. Ó yá bí iná! Àmọ́ Bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n lò.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ wọn obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wá lo ọ̀sẹ̀ kan. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń kọ ìwé tó fẹ́ fi ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ ẹ̀. Ó ṣèèṣì tẹ nǹkan kan, ìwé pòórá. Ọmọ bú sẹ́kún. Bàbá rẹ́rìn-ín títí.

"Kò lọ síbì kankan, ojú kejì lo tì í sí. Olódo!" Wọ́n tẹ nọ́ńbà kan, ìwé yọ padà.

Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbé inú nǹkan yìí." Ọjọ́ kejì ló kó ẹrù ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń pè, kò sì ń pẹ́ lórí fóònù.

Ìgbà tó wá sọ pé òun ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ wá wo Bàbá! Wọ́n kanlẹ̀kùn wa láàárọ̀. "Ìyá Ọmọ, máa bọ̀. Ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà ni mò ń wá."

"Ẹ ṣeun o, Bàbá. Ṣé èébú lẹ wá fi jí mi?"

"Mò ń yìn ẹ́ ni."

Mo pọn ọmọ, mo tẹ̀ lé wọn. Àṣé wọ́n fẹ́ fi ojú míì kún kọ̀ǹpútà yẹn, èyí tó ní àwòrán àti aago àti bọ́tìnnì. Tiwọn á wà níbẹ̀, tọmọ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á mú èyí tó wù ú kó tó tẹ páásíwọ̀ọ̀dù. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Méjì ni wọ́n mú wá: ọ̀kan ní ẹyẹ lára àmì ẹ̀, ìkejì ní eku. Tẹlẹ́yẹ fúyẹ́ díẹ̀ ju ìkejì lọ, àmọ́ teléku ni mo tètè mọ̀ ọ́n lò. Mo ní òun ni ká mú. Eku náà ṣáà ni máòsì lédè òyìnbó: Bàbá Kò-sí-Máòsì wá di eléku! Mo rẹ́rìn-ín débi tọ́mọ fi jí. Wọ́n tiẹ̀ lọ ra máòsì pupa kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí n tún wá wò ó. Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Kò sí aago, kò sí bọ́tìnnì.

"Bàbá, níbo lọmọ yín máa tẹ̀?"

"Mo fi ìlà bọ́tìnnì yẹn pamọ́ ni, ó ń jẹ àyè. Tó bá ṣáà ti tẹ kọ́kọ́rọ́ méjì yìí pọ̀..." Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. "Tèmi náà ni mo tún ṣe."

Wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà síta, wọ́n mú kí lẹ́tà tóbi.

Ní Sátidé, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, fóònù dún. Mò ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. "Ẹn-ẹ́n... O ò wá mọ́? Iṣẹ́ ni... Kò burú... Rárá, mi ò ṣe wàhálà kankan." Wọn ò dárúkọ máòsì. Lọ́jọ́ yẹn mi ò gbọ́ káká kankan mọ́, ọmọ mi ò sì rí oorun sùn.

Mo rò pé wọ́n máa yọ ojú tuntun yẹn kúrò. Àfìgbà tí mo wọlé lọ́jọ́ kẹta, mo bá wọn tí wọ́n di máòsì pupa mú bí ẹni di ẹyin mú. Ohun tí wọ́n ń fi ìka ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀ẹ́-hẹ̀n, Bàbá! Ṣebí tiyín yá jù ú lọ?"

"Ó yá jù ú. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí lójú ọmọ mi ni." Ojú wọn ò kúrò lára ọfà kékeré yẹn. "Tó bá pè, màá sọ fún un pé mo ti ń lò ó."

Ọjọ́ mọ́kànlá rèé. Kò tíì pè. Ẹ tẹ́tí sí ògiri yẹn, ẹ gbọ́: tàk... tàk... Máòsì nìyẹn. Ẹ jẹ́ n gbé ìrẹsì kalẹ̀ ná.

"Bàbá! Ẹ fi eku yẹn sílẹ̀, ẹ máa bọ̀ wá jẹun!"