Oníjígí Àjà Kẹrìnlá

Ọkùnrin tí gbogbo ilé gogoro náà ń pè ní Oníjígí kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí kí wọ́n tó pààrọ̀ lífìtì. Iṣẹ́ tiẹ̀ kò la ariwo lọ: á yẹ ojú oníbàárà wò, á gé jígí tó bá ojú náà mu, á sì fi dá onítọ̀hún lójú pé férémù tó wọ́n jù lọ ni imú rẹ̀ ń wá láti ọjọ́ yìí. Àjà kẹrìnlá ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, láàárín àwọn lọ́yà kan tí kì í kí ara wọn àti ilé iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, títí kan àwọn tó ń ṣe é.

Tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá wọ lífìtì, á tẹ bọ́tìnnì tó nípọn bíi bisikíìtì, ó di ibi tó ń lọ. Àwọn onílé ní ayé ti kọjá ìyẹn. Wọ́n yọ gbogbo bọ́tìnnì inú lífìtì dànù, wọ́n gbé gíláàsì pẹlẹbẹ kan kọ́ ògiri nísàlẹ̀. Ara gíláàsì yìí lèèyàn á ti wá orúkọ ibi tó ń lọ, lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-tín bí ẹyin kòkòrò, àwọ̀ eérú lórí funfun. Á fọwọ́ kàn án, gíláàsì á sọ lífìtì tó máa wọ̀ fún un. Tó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sí nǹkan kan láti tẹ̀ mọ́, àfi kó máa wo bàtà ara rẹ̀.

Ẹ wá rò ó wò. Ta ló ń wá oníjígí? Ẹni tó bá lè ka ohun tó wà lára gíláàsì yẹn kò ní nǹkan í ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní nǹkan í ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ kò lè kà á. Ìyá àgbà kan tó ń bọ̀ wá yẹ ojú wò bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn adójútòfò, lájà tó ga ju ti Oníjígí lọ. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìgbà tó máa fi sọ̀kalẹ̀, ó ti fi ìdójútòfò sórí mọ́tò, kò sì ní mọ́tò.

Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ nìyẹn. Ìyá Ìbejì, ìyàwó Oníjígí, ló ń jókòó síwájú gba oníbàárà. Kò rí oníbàárà gbà mọ́, ó wá ń nu férémù tó ti nù láàárọ̀.

"Bàbá Ìbejì, tó bá ń lọ báyìí, ká tó rí ìparí ọdún, a ó ti palẹ̀ mọ́."

Oníjígí lọ bá máníjà ilé, obìnrin kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, yálà ó ń gbọ́ ohun téèyàn ń sọ tàbí kò gbọ́.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú kí lẹ́tà yẹn tóbi díẹ̀."

"Ọ̀gá wa, bó ṣe wà yẹn ló bá ẹwà ilé mu."

"Tí mo bá lẹ bébà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"A kì í lẹ nǹkan mọ́ ògiri yẹn. Òkúta olówó ńlá ni."

"Àwọn oníbàárà mi ò rí i kà ni."

"Ẹ ní kí wọ́n máa lo jígí wọn."

"Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti fẹ́ wá gbà á."

Máníjà bá a kẹ́dùn tọkàntọkàn, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Oníjígí bá wọ kóòtù funfun rẹ̀, ó lọ dúró ti gíláàsì nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti ń fún ojú pọ̀, á pàdé rẹ̀, á bá a tẹ àjà kẹrìnlá, á mú un dé ẹnu lífìtì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn tó ríran kedere náà fi rí i. Lọ́yà tí kò kí i láti ọdún mélòó kan na ìka sí i: "Ọ̀gá, bá mi tẹ mẹ́rìnlá." Ó bá a tẹ̀ ẹ́, nítorí ọmọlúwàbí ni. Ẹlòmíràn ki owó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kó fi mu omi tútù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó pẹ́ dé, akọ̀wé báńkì kan dá a dúró.

"Ibo lẹ wà látàárọ̀? A wá yín títí."

"Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ẹ tún ń ṣiṣẹ́ míì? Ó yẹ kẹ́ ẹ gbájú mọ́ ọ̀kan."

Oníjígí gòkè lọ pẹ̀lú ìbínú. Ìyá Ìbejì nìkan ló bá níbẹ̀, láàárín àga òfìfo.

"Àwọn tí mo rán wá dà?"

"Wọ́n wá. Wọ́n jókòó títí. Wọ́n lọ."

"Kí ló dé tí wọ́n lọ?"

"Ta ni ká ní kó yẹ ojú wọn wò? Ẹ̀yin lẹ wà nísàlẹ̀ tí ẹ ń rán wọn sí ẹ̀yin."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn àga náà. Ó ṣì ń tò wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí máníjà ránṣẹ́ pè é. Oníjígí gbà pé lẹ́tà ara gíláàsì ti fẹ́ tóbi.

"Àwọn ayálégbé ń yìn yín," máníjà ní. "A fẹ́ gbà yín síṣẹ́ nísàlẹ̀ yẹn, owó oṣù, aṣọ iṣẹ́, gbogbo ẹ̀. Àwọn adójútòfò á gba ṣọ́ọ̀bù yín kún tiwọn."

"Màdáámù, ayálégbé lèmi náà."

"Ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mọ́ wa. Ẹ ti mọ ilé."

"Ẹ lówó tẹ́ ẹ lè fi gbèèyàn, ẹ ò lówó tẹ́ ẹ lè fi mú lẹ́tà tóbi?"

"Lẹ́tà ò sí nínú ètò ọdún yìí. Èèyàn wà níbẹ̀."

Oníjígí ní òun ò ṣe, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Nígbà tó sọ ọ́ dé ilé, Ìyá Ìbejì béèrè iye tí wọ́n pè, ó sì béèrè irú aṣọ tí wọ́n máa rán.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, nínú aṣọ aláwọ̀ búlúù, tó ń pàṣẹ fún lọ́yà pé kó tò sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fún ojú pọ̀ tó kọjá rẹ̀. Àga kún lájà kẹrìnlá, àwọn kan tún fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ pípalẹ̀ mọ́ mọ́.

Oníjígí ń yẹ ojú bàbá kan wò lọ́wọ́, àgbọ̀n bàbá náà wà lórí ẹ̀rọ, àwọn tó wà níta ń kan ilẹ̀kùn, fóònù tún dún. Ìyá Ìbejì ni, láti ìsàlẹ̀.

"Mo ti rán àwọn míì bọ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pẹ́, orúkọ tèmi ni wọ́n máa wá bà jẹ́ nísàlẹ̀."

"Ta ló máa gbà wọ́n síwájú?"

"Ẹ ń dá èrò dúró fún mi níbí, Bàbá Ìbejì. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."