Ṣegede Tí Wọ́n Fi Tì Mí Mọ́lé

Ọdún tí àwọn ará Gánà ń di ẹrù wọn lọ sílé ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún wú. Kò dùn mí. Ẹnu mi kàn ń gbẹ ni, débi pé mi ò lè gbé òkèlè mì láìmu omi. Ìyá ọkọ mi, aláró ni wọ́n ní Ìtòkú, wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣegede ni." Wọ́n bu aró wá láti inú ìkòkò wọn, wọ́n fi kùn mí láti etí dé àgbọ̀n, wọ́n sì fi mí sí yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Igbein, kí n má baà kó o ran àwọn ọmọ ilé.

Ọmọ ilé wo? Ọmọ mi ni wọ́n ń wí! Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ta, àyà mi ló ń sùn sí. Tó bá ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ìyá ọkọ mi á pariwo: "Má débẹ̀! Ṣegede ń bẹ níbẹ̀!" Ọmọ á máa sunkún níta, èmi náà á máa sunkún nínú yàrá. Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ṣùgbọ́n ta ni màá bá jà? Àwọn ló ń ro ògì fún mi, àwọn náà ló ń fọ aṣọ mi.

Oṣù mẹ́ta, aró lórí aró. Ìgbà náà ni ìyá tó bí mi wá kí mi láti Owódé.

"Ṣegede kẹ̀?" Wọn ò tíì jókòó. "Ọmọ yìí ti ní ṣegede ní kékeré, èmi ni mo tọ́jú ẹ̀. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn ń ní in ni?"

Ìyá ọkọ mi káwọ́ lérí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn fúnra wọn ló fi ọṣẹ dúdú bọ́ mi lójú ká tó lọ sí ọsibítù. Aró náà ò tán.

Dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Limfómà ni wọ́n pè é, jẹjẹrẹ tó hù níbi tí itọ́ ti ń sun. "Kì í ran èèyàn o," ni wọ́n fi kún un. Háà! Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ò tíì yé mi dáadáa, kì í ran èèyàn yẹn ló dùn mí wọra. Oṣù mẹ́ta lásán!

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ títí irun orí mi fi re. Alhamdulillahi, wíwú náà lọ. Mo padà sílé, mo jókòó sórí ẹní nínú yàrá náà, mo na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ mi.

Ó kúnlẹ̀ níta. "Ẹ káàbọ̀, mà."

"Wọlé wá."

Ó mi orí. "Ṣegede ń bẹ níbẹ̀."

Ìyá ọkọ mi bú sẹ́kún lẹ́yìn ẹ̀. Mo dìde, mo jáde lọ bá a. Ó sá.