Ọkọ̀ Búlúù tí Kò Sáré Rí

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Dẹ́rẹ́bà yìí kò mọ ọkọ̀ wà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ awò ojú ló fún un lórúkọ náà, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi di orúkọ tí ọ̀gá pàápàá ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé gíláàsì kí ó bá férémù mu. Yàrá ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, níbi tí òkúta ìlọ̀ ti ń yí nínú omi. Á fi ìka méjì di gíláàsì mú, á máa yí i mọ́ òkúta náà díẹ̀díẹ̀ títí etí rẹ̀ yóò fi wọ inú férémù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fipá tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ní kó bá àwọn sún ọkọ̀ ọ̀gá síwájú díẹ̀ kí wọ́n lè ráyè já ẹrù, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Èyí tó bá lè jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ mi nìkan ni mò ń wà."

Òótọ́ ló sọ. Yàrá kan wà nínú ilé rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti fìgbà kan rò pé àwọn yóò fi ṣe yàrá àlejò. Pẹpẹ ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dókè, ọkọ̀ onírìmóòtù kéékèèké ló sì wà lórí gbogbo pẹpẹ náà, àwọn ti àtijọ́ tí wọn kò ṣe mọ́. Òmíràn kò ju páálí ìṣáná lọ, òmíràn gùn tó bàtà ọmọdé. Ó rà lára wọn ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù, ó gba òmíràn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó kúrò nílé, awò ojú tó sì bá èèyàn tún ṣe ló fi gba òmíràn. Bó bá ti gbé ọ̀kan dé, á tú u palẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ tó fi ń tú férémù níbi iṣẹ́. Á ha ìpẹ́ funfun tí bátìrì tó jò fi sílẹ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ inú rẹ̀, á kán epo sí i bí ẹni ń kán oògùn sójú ọmọ tuntun.

Bí àlejò bá wọlé, kì í fi pípọ̀ wọn yangàn. Ìwà wọn ló máa ń ròyìn. Á gbé pupa kan tó ti ṣá, á ní, "Èyí ò lè yà tó bá ń lọ síwájú. Tààrà ló máa ń lọ. Àfi tó bá ń padà sẹ́yìn nìkan ló tó lè yà."

Àlejò á ní irú ọkọ̀ wo nìyẹn.

"Ọkọ̀ tó máa ń ronú kó tó ṣe nǹkan ni," á dáhùn, inú rẹ̀ á sì dùn bí ẹni pé òun ló bí i.

Ọ̀kan ṣoṣo ló wà tí kò tú rí. Búlúù ni, ìlà funfun kan là á láàárín, àńtẹ́nà rẹ̀ tinrín bí abẹ́rẹ́, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ tí táyà wọ̀ sì ń dán bíi fàdákà. Ọdún tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, ló rà á ní tuntun. Inú páálí rẹ̀ ló wà, ojú páálí náà ní fèrèsé tí èèyàn lè gbà wò ó. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, á dùbúlẹ̀ síwájú pẹpẹ ìsàlẹ̀, á fi ọwọ́ lérán, á máa wò ó.

"Dádì, ẹ jẹ́ kó sáré lẹ́ẹ̀kan."

"Ọjọ́ tí o bá kó wọ ilé tìẹ."

"Ilé tèmi dà?"

"Ó ń bọ̀. Ọkọ̀ tí kò sáré rí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè sáré fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìwọ ni mo fi ìyẹn pamọ́ fún."

Ọmọ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń fi àwọn yòókù ṣeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi wọ́n gbá ògiri, ó ń fi wọ́n lé ìyá rẹ̀ jáde ní ilé ìdáná, bàbá rẹ̀ kì í sì í bá a wí. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan búlúù.

Nígbà tó dàgbà tó sì fi ilé sílẹ̀, eruku bẹ̀rẹ̀ sí í ba Dẹ́rẹ́bà lẹ́rù. Ògiri yàrá náà tún máa ń rin bí òjò bá pọ̀. Ó wá rọra fi fóòmù yí ọkọ̀ búlúù náà ká nínú páálí, ó fi ọ̀rá wé páálí náà, ó tún un wé, ó fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ pa. Afẹ́fẹ́ kò lè wọlé, eruku kò lè wọlé. Bó bá rí i lórí pẹpẹ, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Láàárín gbogbo ohun tó ti ṣe láyé, ó gbà pé èyí ni òun ṣe láìkù síbì kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà pè.

"Dádì, mo ti gba kọ́kọ́rọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ kí ni?"

"Ti ilé ni. Ilé tèmi. Mò ń bọ̀ wá gbé ọkọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú."

"Ọkọ̀ wo?"

"Ẹ má bá mi ṣe bẹ́ẹ̀ o, bàbá yìí. Mo ti dàgbà, ilé sì ti dé. Àdéhùn wa nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ìyàwó rẹ̀ fi béèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ọkọ̀ búlúù náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kó lè nù ún dáadáa kí ọmọ tó dé. Bó ṣe gé ọ̀rá náà, òórùn kíkan kan ló kọ́kọ́ jáde. Fóòmù ti di ẹ̀rún pupa rúsúrúsú tó lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan. Táyà tó yẹ kó le ti rọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù, ó ti yọ́ wọ inú ike ara ọkọ̀ náà, débi pé kò sí ààlà láàárín táyà àti ike mọ́. Àwọn ẹsẹ̀ tó ń dán bíi fàdákà ti sán káàkiri bí ilẹ̀ tí omi gbẹ lórí rẹ̀. Ó fi èékánná kan ọ̀kan, ẹyọ kan sì ré bọ́ sórí tábìlì bíi bisikíìtì.

Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò kíá. Lẹ́yìn náà kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ náà sí.

Ìyàwó rẹ̀ bá a níbẹ̀ nígbà tí oúnjẹ ti tutù. "Bàbá wọn, látàárọ̀ lẹ ti ń wo nǹkan yìí. Tí mo bá fẹ́ kẹ́ ẹ wo èmi náà báyìí, ṣé kí n lọ so táyà mọ́ ẹsẹ̀ ni?" Ó sún mọ́ tábìlì, ó rí i, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Kí ló ṣe é?"

"Ó ti jẹrà."

"Ṣé irin àti ike náà máa ń jẹrà ni?"

Ó lọ pe Wáyà.

Wáyà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó ti ń tún rédíò ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, òun náà sì ń kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ. Ó dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí i. Ó tẹ̀ ba, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó gbé ọ̀rá tí wọ́n gé sílẹ̀ wò.

"Ta ló dì í báyìí?"

"Èmi ni."

"O dì í bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ."

"Eruku ni mo ń sá fún."

"Eruku ì bá sàn. Táyà ayé ìgbà yẹn máa ń làágùn. Ohun tó ń jáde lára ẹ̀ ń wá ibi tó máa gbà lọ. O ti gbogbo ọ̀nà pa, ó bá padà sára ọkọ̀."

"Irin ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rá ló ṣe ìyẹn náà?"

"Rárá. Àtilé iṣẹ́ tí wọ́n ti dà á ni àìsàn ti wà nínú irin yẹn. Wọ́n po ohun tí kò mọ́ mọ́ ọn. Ó lè lo ogún ọdún kó tó hàn, ó lè lo ọgbọ̀n. Inú ló ti ń jẹ bọ̀ wá síta."

"Kì í ṣe ẹ̀bi mi nìyẹn."

"Ti irin, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."

"Ti táyà ńkọ́?"

Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í wá awò ojú rẹ̀ nínú àpò. Ojú rẹ̀ ló wà.

Dẹ́rẹ́bà ò jẹ́ kó sinmi. "Tí mo bá wá ẹsẹ̀ mìíràn fún un?"

"Níbo? Gbogbo èyí tí wọ́n jọ jáde, irin kan náà ni. Mo mọ ẹnì kan tó ní irú ẹ̀. Tiẹ̀ ti fi àyà lélẹ̀ pátápátá."

"Mo lè gé tuntun. Mo lè gé nǹkan tó kéré jùyẹn lọ."

"Mo mọ̀ pé o lè gé e. Báwo lo ṣe fẹ́ yọ ti àtijọ́? Ọ̀pá tó di ẹsẹ̀ mú, irin yẹn náà ni. Tí o bá fà á, inú ọkọ̀ á tẹ̀lé e jáde. Tí o bá fi oògùn yọ táyà, oògùn á jẹ ọ̀dà búlúù yẹn. Tí o bá sì fi í sílẹ̀..." Wáyà ṣẹ́jú. "Fi í sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi."

"Tí mo bá fi í sílẹ̀, ṣé á dúró báyìí?"

"Kò ní dúró."

Ní gbogbo ìyókù ọ̀sẹ̀ náà, ó lọ síbi iṣẹ́, ó gé gíláàsì, ó ba méjì jẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Dẹ́rẹ́bà ti ń wa ọkọ̀ wọ gọ́tà. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Bó bá délé, á wọ yàrá náà, á dúró síwájú tábìlì pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́, á wá ibi tí òun lè ti bẹ̀rẹ̀, á sì tún gbé irinṣẹ́ náà sílẹ̀.

"Ẹ pe ọmọ yín kẹ́ ẹ sọ fún un," ni ìyàwó rẹ̀ ń wí.

"Mo máa pè é."

Kò pè é. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó rẹ̀ bá a tó ń fi ọ̀rá tuntun wé páálí náà, tó ń fi ìka tẹ téèpù mọ́lẹ̀ létí-létí bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ tún ń dì í?"

"Kí eruku má baà..." Ìyàwó rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó padà sí ilé ìdáná.

Dẹ́rẹ́bà ti rò ó pé ọmọ yóò gbé e bẹ́ẹ̀, yóò gbé e sórí pẹpẹ nílé rẹ̀, yóò sì máa sọ fún àwọn èèyàn pé bàbá òun ló fún òun. Ó lè pẹ́ gan-an kó tó tú u. Ó mọ̀ pé ìwà olè ni ìrònú náà jọ. Síbẹ̀ kò rí òmíràn rò.

Ọmọ dé lọ́jọ́ Àìkú, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì fa bátìrì tuntun yọ nínú báàgì.

"Mi ò ní gbé e lọ kó tó sáré níbí," ó wí. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni mo ti ń rí i lójú àlá. Màmá, ẹ fà sẹ́yìn, ó fẹ́ gbá yín lẹ́sẹ̀."

Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ní, "Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Dádì. Ẹ gbé e wá."

Ó gbé e wá. Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gé ọ̀rá, ó ṣí páálí, ó wo inú rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tó ti rí báyìí?"

"Mi ò mọ̀. Lẹ́yìn tí o pè ni mo tú u."

Ọmọ náà fọwọ́ kan téèpù tuntun. "Ẹ wá tún un dì."

Bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ti ní àlàyé Wáyà lórí, ti irin àti ti táyà, ṣùgbọ́n kò fi gbèjà ara rẹ̀.

Ọmọ náà kò bínú, bí ó bá sì bínú, kò hàn. Ó ki bátìrì bọ inú rìmóòtù, ó rọra wá ilé bátìrì lábẹ́ ọkọ̀ náà, ó ki tibẹ̀ náà. Ẹ̀rún irin ń já sórí aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ rìmóòtù. Ẹ̀ńjìnnì kékeré náà dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohùn tinrín kan bíi ti kòkòrò nínú ìgò. Ẹsẹ̀ kò yí. Táyà ti di ara ọkọ̀ mú.

"Má tẹ̀ ẹ́ jù," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ó gbé ìka kúrò. "Mo máa ń rò ó pé ohùn ẹ̀ á le ju báyìí lọ."

"Ara ẹ̀ ò wúwo. Kò nílò agbára púpọ̀."

"Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Rárá."

"Bàbá Wáyà ńkọ́?"

"Ó ti wá. Kò ṣí àpò ẹ̀."

Ọmọ náà mi orí. Ó ti mọ Wáyà láti kékeré. "Tó bá wà níbí, ṣé kò ní burú ju báyìí lọ?"

"Á burú ju báyìí lọ."

"Tó bá wà lọ́dọ̀ mi ńkọ́?"

"Bákan náà ni, ìyá mi. Ibi yòówù kó wà."

Ó rò ó wò díẹ̀. Ó gbọn ẹ̀rún irin tó wà lára aṣọ rẹ̀ sínú páálí, ó gbé páálí náà dìde láìbo ojú rẹ̀, láìfi ọ̀rá wé e. "Ẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn."

Dẹ́rẹ́bà sáré lọ ṣí i. Ó ṣí ti ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ti ọkọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ń na ọwọ́ sábẹ́ páálí náà bí wọ́n ṣe ń lọ, kò kàn án, kò sì lè fa ọwọ́ náà sẹ́yìn. Ọmọ gbé e sórí ìjókòó iwájú, ó fa bẹ́líìtì lé e.

"Rọra wà," ni bàbá rẹ̀ wí. "Kòtò wà lápá ọ̀tún kí o tó dé kọ́nà."

"Mo mọ̀ ọ́n, Dádì."

Ọkọ̀ náà gbéra. Ó rọra ń lọ lóòótọ́. Dẹ́rẹ́bà dúró lẹ́bàá títì, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ náà dé ibi kòtò, obìnrin náà rí i pé àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀ ń yí sósì díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni tó di rìmóòtù mú. Táyà ọ̀tún bọ́ sínú kòtò náà. Gbogbo ọkọ̀ mì, ó jáde, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.