Àwọ́ọ̀dù Tí Ìyá Motọ́lání Fura Sí

Ìyá Motọ́lání ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ láyé yìí. Aránṣọ ni, nílé tí a jọ yá ní Ìsọlọ̀. Bí oníbàárà bá kó yáàdì wá, ojú ẹni náà ló ti máa wọ̀n ọ́n. Èmi tí yàrá wa kọjú síra, bí mo bá rẹ́rìn-ín, á ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, Motọ́lání ti yunifásítì dé tayọ̀tayọ̀. "Mọ́mì, wọ́n fẹ́ fún mi ní àwọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Jímọ̀! Torí ẹgbẹ́ wa tó ń la àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́yẹ̀ nípa ìlera ọpọlọ."

Ìyá sọ sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. "Ọpọlọ kẹ̀? Ta ló ya wèrè?"

"Kò sẹ́ni tó ya wèrè, mà. Ẹni tí ìrònú bá bò mọ́lẹ̀ la máa ń dúró tì."

"Wọn ò rí àwọ́ọ̀dù mìíràn fún ọ, àfi ti wèrè? Hùn! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ẹ má dá a lẹ́bi o. Ọdúnayọ̀, ọmọ Èjìgbò tí wọ́n jọ wà nílé ìwé, fẹ́ fi Motọ́lání ṣaya, a sì mọ̀ pé àwọn ẹbí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Obìnrin kan ti wá, ó ní yàrá lòun ń wá. Yàrá wo? Ṣé ẹni tó ń wá yàrá ló ń bèèrè bóyá àìsàn ọpọlọ wà nídìílé aránṣọ? Bí wọ́n bá wá rí fọ́tò Motọ́lání tòun ti àwọ́ọ̀dù yẹn, ìgbéyàwó ti tú ká nìyẹn.

Ìyá ní Motọ́lání ò ní lọ. Ọmọ sunkún, ó sì lọ. Ni Ìyá bá fà mí dání, a tẹ̀ lé e, Ìyá fi ìborùn bojú, a jókòó sẹ́yìn họ́ọ̀lù.

Wọ́n pe Motọ́lání, wọ́n ní òbí kan ló máa fa àwọ́ọ̀dù lé e lọ́wọ́. Ta ló dìde? Obìnrin tó ń wá yàrá!

"Mo sọ fún ẹ!" Ìyá ti fò dìde.

Obìnrin náà gbá àwọ́ọ̀dù náà mú. "Èmi ni ìyá Ọdúnayọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ò jẹ, kò mu, ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ló dúró tì í, tó mú un lọ bá dókítà. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́." Ó gbójú sókè, ó rí wa. "Ìyá Motọ́lání, ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá wá sílé yín. Ẹ̀rù bà mí, ni mo fi ń bèèrè yàrá. Mo ní bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹnì kan nínú ẹbí yín rí, kí ọ̀rọ̀ wa lè yé yín. Ṣé ẹ ṣì lè fún wa lọ́mọ?"

Mo di ìró aládùúgbò mi mú, torí ẹnu rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Gbogbo họ́ọ̀lù yíjú sí wa.

Ìyá Motọ́lání ṣí ìborùn kúrò lójú. "Ọmọ náà ńkọ́?" ló wí. "Ṣé ó ti ń jẹun dáadáa báyìí?"